Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìjọ wa, lórí àwọn àlejò tí ẹ ní ká lé jáde

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi nínú ìgbìmọ̀, àti Bàbá Pásítọ̀ wa, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ Herbert Macaulay tí gbogbo wa jọ ń jẹ lójoojúmọ́. Mi ò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa síbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí mi ò wá dójú ti yín. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta ni pé mo ti gbọ́ pé kì í ṣe àwa nìkan la gbọ́ irú ìkéde yẹn, àwọn ìjọ míì náà ní Mainland ti ń ṣe é, nítorí náà ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá kó yáa gbà á.

Ìwé tí mò ń sọ ni èyí tí sẹ́kírítárì kà lẹ́yìn ìwàásù, pé lándíláọ̀dù àsósíéṣọ̀n bá yín ṣèpàdé lórí àwọn fóònù àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń jí ládùúgbò, pé kí ọmọ ìjọ tó bá nílé má ṣe háyà yàrá fún àwọn àjèjì tó wá láti Kútọnu, Tógò àti Niger, kí ẹni tó bá ti gbà wọ́n tẹ́lẹ̀ fún wọn ní nótíìsì, kí síkiọ́ríìtì sì rí i pé àwọn ọmọ tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìjọ ní "Àmín". Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní ṣé àdúrà ni wọ́n gbà ni?

Ní fijíìlì Friday tó tẹ̀lé e, ẹ ní ká gbé pásípọ́ọ̀tù wa sókè. Ẹni tí kò bá ní, kó gbé ọwọ́ sókè. Àdúrà gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn kan bú sẹ́kún, a gbàdúrà fún àwọn tó ní ìntáfíù ní kọ́ńsólétì Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington pé kí Ọlọ́run fi ojúrere wọn sọ́kàn ẹni tó máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Èmi náà gbàdúrà o, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò mi obìnrin wà ní Leicester, Ìlú Ọba, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ keà, ó sì sọ fún mi pé ìjọ kékeré kan tí kò ju àwọn ìyá arúgbó òyìnbó bíi mélòó kan lọ ló gbé kóòtù òtútù wá fún òun lọ́sẹ̀ tí òun dé, wọ́n sì mú òun lọ wá yàrá. Wọn ò bi í bóyá páálí ẹ̀ pé kí wọ́n tó fún un ní kóòtù.

Nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba sọ pé láti January 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, tí wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣe keà ní March ọdún kan náà, ṣebí ìjọ wa yìí ló ní ká gbààwẹ̀. Ẹ ní òfin náà ń tú ìdílé ká. Òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà tí wọ́n ń fún wa di olóṣù mẹ́ta, wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní July 2025, ẹ tún kérora. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn òyìnbó yẹn ń sọ nípa wa, kò yàtọ̀ sí ohun tí lándíláọ̀dù àsósíéṣọ̀n sọ nípa àwọn Ègùn tó ń ti ìhà Kútọnu wá: wọ́n ti pọ̀ jù, a ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, ilé ò tó wa, tí wọ́n bá ti wọlé wọn kì í lọ mọ́.

Mi ò ní ka Matteu 25 fún yín, ibi tí Jésù ti ní òun jẹ́ àlejò, wọ́n sì gba òun sílé, ẹ mọ̀ ọ́n sórí jù mí lọ. Ìwé Rúùtù ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń fi wàásù fún ìyàwó tuntun pé kó fẹ́ràn ìyá ọkọ ẹ̀, ó dáa, kò burú. Àmọ́ ẹ tún un kà bí ẹni tó ń gbé Èbúté Mẹ́tta. Ìyàn mú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Elimeleki kó ìyàwó àti ọmọkùnrin méjì, ó jápa lọ sí Móábù. Ogun kọ́ ló lé e, ebi ni, bí ebi ṣe ń lé àwọn ọmọ tiwa gba Agadez ní Niger lọ sí Líbíà. Móábù gbà wọ́n. Wọ́n lò tó ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ ọmọ ìlú, kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní nótíìsì. Ikú wá wọ ilé náà, ó mú bàbá, ó mú ọmọ méjèèjì, Náómì, ìyá wọn, ní òun ń padà sílé, Rúùtù, ìyàwó ọmọ ẹ̀, ní òun ò ní fi í sílẹ̀. Bí ọmọ Móábù ṣe di àlejò nìyẹn nílùú àwọn tó ti ṣe àlejò nílùú tiẹ̀.

Òfin sì wà nílẹ̀ o! Deuteronomi 23 sọ ọ́ kedere pé ọmọ Móábù ò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Tí Bóásì, olóko tí Rúùtù lọ ṣa ọkà lóko ẹ̀, bá fẹ́ lé e, ó ní ẹsẹ Bíbélì tó lè fi lé e, kò tiẹ̀ nílò lándíláọ̀dù àsósíéṣọ̀n. Òfin míì ló dì mú, èyí tó ní kí olóko má padà lọ kó ìtí ọkà tó bá gbàgbé sóko, kó fi sílẹ̀ fún àlejò, ọmọ òrukàn àti opó. Ó tún wá ṣe kọjá òfin, ó ní kí àwọn tó ń kórè mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìtí kí wọ́n jù ú sílẹ̀ fún un. Ibi tó máa ń wú mi lórí jù ni pé ó kìlọ̀ fáwọn ọmọkùnrin oko ẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó ní tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó lọ mu nínú omi tí àwọn ọmọkùnrin náà pọn. Bàbá yẹn mọ ohun tí ojú obìnrin tí kò lẹ́nìkan máa ń rí nílùú onílùú. Ẹ ṣí Matteu 1 ẹsẹ 5, ẹ máa bá orúkọ Rúùtù nínú ìran Jésù Olúwa, Jésù tí àwọn òbí tiẹ̀ náà gbé sá lọ sí Íjíbítì lóru kí Hẹ́rọ́dù má bàa pa á.

Wọ́n sọ fún mi pé nínú ìpàdé yín, ẹnìkan tọ́ka sí Nehemáyà tó mọ odi Jerúsálẹ́mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orí kejì kà. Ààfin ọba Páṣíà, nílẹ̀ àjèjì, ni Nehemáyà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì bẹ ọba pé kó fún òun ní lẹ́tà sí àwọn gómìnà kí wọ́n lè jẹ́ kí òun kọjá. Páálí lòun náà gbà kó tó rí odi mọ.

Ta ló tiẹ̀ mú ìgbàgbọ́ wá fún wa? Ní 1842, ẹni tó wàásù lábẹ́ igi Agia ní Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí ni Freeman ti wá sí Àgbádárìgì. Àjàyí Crowther, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi, wọ́n gbé e sọ̀ sí Freetown ní 1822, ọmọdé tí kò bá ẹnikẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825. Ká ní wọ́n ti ní kó padà síbi tó ti wá ni, ta ni ì bá ṣáájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884, èyí tó wà lórí pẹpẹ wa yẹn? Ẹ débi Olówógbowó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Sàró, àwọn tó padà wá láti Freetown, ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹ débi Pópó Àgùdà, àwọn tó ti ṣe ẹrú ní Brazil ló padà wá kọ́ àwọn ilé tó rẹwà yẹn, kí fadà òyìnbó sì tó dé Èkó, Padre Antonio, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ló ń kó àwọn Kátólíìkì jọ gbàdúrà. Ẹ máa ní ọmọ Yorùbá tó padà wálé ni púpọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tàwọn ti kóòtù, tàwọn ti orúkọ da Silva àti Williams, ó dá mi lójú pé àjèjì lèrò pè wọ́n.

(Ẹ má bi mí ní "ta ló ni Èkó" o. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn bà jẹ́ nígbà ìdìbò 2023 ti tó, mi ò ní gbé e wá síbí.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé mi. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Kumasi ló ti ń tajà kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí, wọ́n pọ̀ ní Ghana nígbà yẹn, àwọn Onítẹ̀bọmi inú wọn ló sì gbé ìjọ Baptist kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, oníṣòwò ni wọ́n, wọn kì í ṣe míṣọ́nnárì. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní páálí ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi gbà á tàbí kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti kọ́lé, tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti sin òbí síbẹ̀. Busia yìí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni o, kì í ṣe kèfèrí. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹrù tó ṣòfò ò dun òun tó àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní kúáyà, tí wọ́n wá ń ná maṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ní owó tí kò tó ra bọ́bìnnì, torí wọ́n mọ̀ pé yóò tà á dandan ni.

Àwa náà ò sàn jù wọ́n lọ. January 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní páálí jáde ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà la fún wọn, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ò sí, ìdìbò ń bọ̀, wọ́n sì ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Àwọn ọmọ Ghana tó lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Bọ́dà Ghana tì, Tógò àti Benin náà ti tiwọn, èrò há sí Sẹ̀mẹ̀, èrò há sí wáàfù Àpápá tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ní 1985 a tún lé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìkankan nínú ìlélọ yẹn tó mú iṣẹ́ tàbí owó padà wá fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi ẹni tó gbé Èkó nígbà náà. Nígbà tí South Africa wá kọjú ìjà sáwọn ọmọ wa ní September 2019, tí Air Peace gbé wọn wálé lọ́fẹ̀ẹ́, a dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, a ń sunkún, a ń ṣépè.

Ègùn tí ẹ ń pè ní àjèjì yìí ńkọ́? Àwọn Ègùn Àgbádárìgì, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jókòó ní 1889, wọ́n fa ìlà sáàárín Èkó àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀gbọ́n bọ́ sí apá kan, àbúrò bọ́ sí apá kejì. Yorùbá pọ́nńbélé ló wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Benin sì ni. Tí ọmọ Kétu bá wá gba yàrá lọ́wọ́ yín, tó fi Yorùbá tó jinlẹ̀ ju ti àwọn ọmọ yín lọ kí yín, ṣé ẹ máa ní kó lọ?

Ẹ tún ní òfin ni, ẹ ka Romu 13, tó ní ká tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo òfin. Èkó yìí gan-an ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé tó dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1975, àdéhùn 1979 sì ní ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹ̀, tó ní ìwé ìrìnnà tó pé, lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ló máa lọ gba páálí ní ìmígíréṣọ̀n. Benin wà nínú ẹ̀, Tógò wà nínú ẹ̀. Niger jáde pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso ní January 2025, síbẹ̀ ECOWAS fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tù wọn títí dìgbà tí wọ́n bá kéde nǹkan míì. Ìyẹn ni pé ìwé tẹ́ ẹ kà nínú ilé Ọlọ́run le ju òfin ìjọba lọ. Ẹni tí páálí ẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó lọ ṣe é, lọ́yà mẹ́ta ló ń jókòó ní row kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìjọ wa.

Olè ńkọ́? Wọ́n jí fóònù lóòótọ́, wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ilé tó kọjú sí tiwa. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó jí i! Tí olè bá wà láàárín àwọn ọmọ Niger tó ń tún bàtà ṣe kiri yẹn, ẹ mú olè, ẹ fà á fún ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá, kó mú onídùúró wá, kó mú fọ́tò wá, kó kọ nọ́ńbà ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì náà nìyẹn. Àwọn tó ní Èkó gbolè ó gbọ̀lẹ, wọ́n mọ̀ pé olè wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, wọn ò tìtorí ẹ̀ ti Carter Bridge pa.

Ohun tó wá bí mi nínú jù lọ ni pé ìwé yín ní ká má háyà yàrá fún wọn, kò ní ká má gbà wọ́n ṣọmọ ọ̀dọ̀. Gbogbo wa la mọ ilé tí wọ́n wà. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké láti Kútọnu àti Tógò tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn lẹ́yìn ìjọ, tí kò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ, tó jẹ́ éjẹ́ǹtì ló ń wá gba owó iṣẹ́ wọn lóṣooṣù, àwọn fúnra wọn ò rí kọ́bọ̀. Ní 2003, ìjọba ní láti kó àwọn ọmọ Benin tó ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà sílé, ọdún yẹn náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní Nàìjíríà, a ka ìròyìn náà, a ní áà, ìwà ìkà. Ọmọ tó ń fọ ilé láti aago márùn-ún ìdájí ní Sùúrùlérè kò yàtọ̀ sí wọn, àfi pé kò sí òkúta níbẹ̀. Málákì 3 ẹsẹ 10 lẹ máa ń kà fún wa tí a bá fẹ́ san ìdámẹ́wàá. Ẹ gòkè díẹ̀ sí ẹsẹ 5, Ọlọ́run ní òun máa yára ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí oṣó, panṣágà, ẹni tó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ nínú owó ọ̀yà ẹ̀, àti ẹni tó ń du àlejò ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ojú kan náà ló to gbogbo wọn sí. Mi ò tíì gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yẹn nínú ìjọ wa rí.

Ohun tí mò ń bẹ yín fún ò pọ̀. Ẹ fagi lé ìwé yẹn níbi tẹ́ ẹ ti kà á, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn máa sùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí òjò bá sì ń rọ̀, a ní hóòlù tó ń ṣófo láti Monday dé Thursday. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn, Mákòkó ò jìnnà sí wa, kó máa túmọ̀ ìwàásù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ọmọ ìjọ tó bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ láti orílẹ̀-èdè míì tàbí láti abúlé tiẹ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ, kó sọ ẹni tó ń gba owó rẹ̀, kí ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé sì lọ sílé ìwé. Mo mọ̀ pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa fa wàhálà, torí àwọn tó wà nídìí tábìlì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń ta ẹ̀wà Àgànyìn lẹ́nu géètì, tí gbogbo kọ́mítì ń lọ bá lẹ́yìn ìsìn, Tógò ló ti wá, ṣé òun náà máa gba nótíìsì ni àbí tiẹ̀ yàtọ̀?

Mo ti kọ̀wé sí sẹ́kírítárì pé kí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí a máa sọ nípàdé ìjọ ìparí oṣù yìí, mo sì máa wà níbẹ̀. Tẹ́nántì tó wà lẹ́yìn ilé wa, télọ̀ ni, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, òun ló rán aṣọ kúáyà tẹ́ ẹ wọ̀ ní Easter. Owó ilé ẹ̀ pé títí December, mi ò ní fún un ní nótíìsì. Tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ bá mi wí lórí ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ ẹsẹ Bíbélì tẹ́ ẹ dúró lé sábẹ́ ẹ̀.

Èmi ni ọmọ ìjọ yín,
ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Èbúté Mẹ́tta.